Ọ̀bẹ Àkókó Kò Mú Tó

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi já gbì, kò já sóko, kò já sódò, ilé alágbẹ̀dẹ ló já sí. Ẹni tó bá ti wo ìdí Ìjàpá dáadáa rí ti mọ ìdajì rẹ̀. Ẹ panu mọ́, kí n sọ ìdajì tó kù.

Àkókó ni alágbẹ̀dẹ àwọn ẹranko. Lọ́jọ́ kan, ó rọ ọ̀bẹ kékeré kan tí ń ká wọ inú èkù rẹ̀, tí èèyàn lè sọ sápò lọ sóko. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀bẹ tuntun yóò kọ́kọ́ fi gé iṣu tí alágbẹ̀dẹ sun. Yóò jẹ iṣu náà, yóò sì sọ lójú gbogbo èrò bóyá ọ̀bẹ mú. Bó bá ní kò mú, kò sẹ́ni tí yóò rà á, ebi ni yóò sì pa àwọn ọmọ alágbẹ̀dẹ.

Ta ni kò mọ̀ pé iṣu ló gbé Ìjàpá débẹ̀? Aláìnítìjú! Ó gé iṣu, ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu, ó pòṣé.

"Ṣíọ̀! Ṣé ọ̀bẹ nìyí ni àbí ṣíbí?"

Àkókó tún ọ̀bẹ pọ́n, ó sun iṣu mìíràn. Lọ́jọ́ kejì, Ìjàpá tún jẹ ẹ́ tán.

"Ó kù díẹ̀ káàtó."

Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́, tó ti fẹ́ ra tirẹ̀, yí padà lọ sílé. Ó dun Àkókó wọra.

"Ìjàpá, mo bẹ̀ ọ́, báwo ló ṣe yẹ kí ọ̀bẹ tuntun mú tó?"

Ìjàpá wú bí ọ̀pọ̀lọ́. "Ọ̀bẹ tó mú, bó bá gé ara, ara kò gbọdọ̀ mọ̀! Ìwọ tí ò ń fẹnu kan igi kiri, kí lo mọ̀?"

"Mo ti gbọ́," ni Àkókó wí. Ó pọ́n ọ̀bẹ náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Nígbà yẹn, ìrù Ìjàpá gùn, orí itan ló máa ń ká a sí kí gbogbo ayé lè rí i. Lọ́jọ́ kẹta, Àkókó gbé pákó fún un pé kó gé iṣu lórí rẹ̀. Ìjàpá kọ̀, kí ẹ̀rún iṣu má bàa kan ẹlòmíràn. Orí itan ló gbé iṣu lé.

"Rọra o, ó mú."

"Ẹnu rẹ ló mú!"

Ó fa ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iṣu là sí méjì, ìrù bọ́ sílẹ̀. Ìjàpá kò mọ̀. Ó jẹun tán, ó dìde, ó yínmú.

"Kò mú! Mo ní kò mú!"

Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́, tó ti tún padà wá, wo ilẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. "Bàbá Ìjàpá, ta ló ni ìrù yìí?"

Ìjàpá fọwọ́ kan ìdí. Kó tó ké, àwọn èrò ti dá orin sílẹ̀:

Ìjàpá, ọ̀bẹ ò mú!
*Kò mú rárá!*
Ìrù rẹ dà?
*Ó wà nílẹ̀!*

Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Èyí gé ìrù ẹni tó dì í mú! Gbogbo ọ̀bẹ Àkókó ló tà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba òun náà. Láti ìgbà náà, alágbẹ̀dẹ kì í pọ́n ọ̀bẹ tuntun kọjá èyí tí yóò gé iṣu. Ẹni tó bá fẹ́ kó mú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lọ pọ́n ọn lórí òkúta ilé rẹ̀. Kò sì sí alágbẹ̀dẹ tó ń sun iṣu fún ọ̀jẹun kankan mọ́.

Ìdí nìyí tí ìrù Ìjàpá fi rí bíńtín, tó fi ń fi í pamọ́ sábẹ́ igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Bí mo bá parọ́, kí ọ̀bẹ ilé mi má gé iṣu mọ́. Ẹ lọ wo ìdí rẹ̀!