Ìlẹ̀kẹ̀ Ọrùn Hẹnúti

Ẹnu-wí-i-re, Etí-ṣì-í-gbọ́, awo ẹ̀bá odò Náílì, ló dífá fún Hẹnúti, olórí akọrin ilé òrìṣà ní ilẹ̀ Íjíbítì, lọ́dún tí odò kọ̀ tí kò kún.

Inú ló ń bí Hátọ̀, ìyá òrìṣà. Ó di kìnnìún, ó dùbúlẹ̀ dí ọ̀nà omi. Gbogbo orin tí wọ́n ń kọ fún un, eyín ló fi ń dáhùn. Ọkà gbẹ lóko. Ebi ń pa àwọn ọmọdé, ọmọ Hẹnúti sì wà nínú wọn.

Hẹnúti tọ awo lọ. Awo ti darúgbó, eyín ti tán lẹ́nu rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ó ní kí ó rú ẹyẹlé, kí ó rú oyin, kí ó sì fi ohun ọrùn rẹ̀ rúbọ. Hẹnúti ṣì í gbọ́. Ohùn ló gbọ́. Ohùn yẹn ló sọ ọ́ dèèyàn láàrin ìlú, òun náà ló fi ń rẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́kún. Àwa Yorùbá ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ fún ará Íjíbítì? Ó kọrí sílé, ó ń fi ọwọ́ pa ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀.

Ó rú ẹyẹlé, ó rú oyin. Ó wá ní, "Bí ohùn mi bá lè gba ọmọ mi là, kí ó máa lọ. N kò ní kọrin mọ́ láyé."

Lọ́jọ́ ètùtù, létí odò, Sẹ́nbì, olórí àwòrò, dá orin, àwọn akọrin gbè é. Hẹnúti dákẹ́. Kìnnìún dìde.

Sẹ́nbì ké, ó ní, "Hẹnúti, kí ló mú ọ lẹ́nu? Kọrin o! Àbí o fẹ́ kí ó pa wá ni?"

Hẹnúti mi orí. Ẹ̀rù ń bà á gidigidi, síbẹ̀ ó rìn lọ bá kìnnìún. Bí ó ti ń mi orí ni ìlẹ̀kẹ̀ idẹ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ń dún: ṣẹ̀, ṣẹ̀, ṣẹ̀. Kìnnìún ta etí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni koríko etí odò máa ń dún, níbi tí Hátọ̀ ti fún ọmọ tirẹ̀ lọ́mú.

Ohun ọrùn! Hẹnúti ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ awo. Kò ní nǹkan ìyá rẹ̀ mìíràn láyé, ó sì já a lọ́rùn. Ó ń mì í, ó ń sunkún, títí kìnnìún fi padà di obìnrin. Hẹnúti gbé ìlẹ̀kẹ̀ náà síwájú rẹ̀. Odò kún.

Àwọn alágbẹ̀dẹ tẹ idẹ bí ọrun, wọ́n to ìlẹ̀kẹ̀ náà sínú rẹ̀. Òun ni wọ́n ń mì fún Hátọ̀ láti ọjọ́ náà.

Hẹnúti fi ijó padà sọ́dọ̀ awo. Ó fi ọwọ́ ṣàlàyé pé òun ti fi ohùn jẹ́ ẹ̀jẹ́. Awo rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló béèrè ohùn lọ́wọ́ rẹ? Ẹ̀jẹ́ yẹn kò dè ọ́."

Hẹnúti sáré délé, ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó ṣí ẹnu, ó kọrin.

Ifá ní ẹni tó gbà láti rúbọ, ẹbọ á gbè é, bí etí rẹ̀ tilẹ̀ ṣìnà. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, ẹ rúbọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dìde níwájú awo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún bi í léèrè ohun tí ó wí.