Àmín Tí Ìgbín Ṣe Lẹ́nu Ihò

Nígbà láéláé, nígbà tí ilẹ̀ ṣì dì pọ̀ láìní ihò kankan, gbígbẹ ni àtẹ́lẹsẹ̀ Ìgbín. Bí ó bá rìn kọjá, koríko kò mọ̀. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ni ó tọ́jú ẹyin rẹ̀ sí, òun nìkan ló sì mọ ibẹ̀.

Òkété ló kọ́kọ́ gbẹ́ ihò. Ó gbẹ́ ẹ láti abúlé dé odò, ó gbẹ́ ẹ láti odò dé oko, títí ayé fi lu jára. Ìyẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ ní ayélujára. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta di ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, Òkété kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Àdúrà nìkan ni màá ṣe fún yín kí ẹ tó wọlé," ni ó wí. "Ẹ sáà máa ṣe àmín."

Ta ni yóò kọ àdúrà? Ìgbín tò sẹ́yìn àwọn ẹranko yòókù.

"Ẹsẹ̀ yín kò ní gbẹ."

"Àmín."

"Ibi tí ẹ bá tẹ̀, ibẹ̀ kò ní gbàgbé yín."

"Àmín, bàbá."

"Ẹni tó bá ń wá yín kò ní ṣìnà."

Àmín Ìgbín ti jáde kí Òkété tó panu dé. Ó ń kánjú, ẹni tí kò kánjú rí láyé rẹ̀.

Ìgbín gba inú ihò dé oko, ó dúró wo ìbẹ́pẹ kan níbẹ̀, ó sì kọjá. Nígbà tí ó padà dé ẹnu ihò, Ọ̀kẹ́rẹ́ ti gbé ìbẹ́pẹ dúró dè é.

"Ẹ kú àbọ̀, Ìyá Ìgbín. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ràn ìbẹ́pẹ."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ bojú wẹ̀yìn."

Ìlà yíyọ̀ kan ń dán láti ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú ihò lọ.

"Ibi tí ẹ ti dúró nípọn ju ibi tí ẹ ti kọjá lọ," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí.

Ìgbín tọ Òkété lọ. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi nu ẹsẹ̀ mi."

Òkété ń jẹ ẹyìn ọ̀pẹ. "Àdúrà yín gbà, ẹ wá ń sunkún. Ṣé mo fipá mú yín ṣe àmín ni?"

"N kò gbọ́ ọ dé òpin ni."

"Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ dé òpin. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣe é gùn."

Àwọn ìjàlọ tó gbé ẹyìn ọ̀pẹ náà wá fún un tò bẹẹrẹ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń wo ìlà tó ń dán.

"Ẹ máa lọ sílé, màmá," ni olórí wọn wí pẹ̀lẹ́. "A ó sìn yín. Ìyá tó bá ń kánjú báyìí, ẹyin ló ń dúró dè é nílé."

Ìgbín ti kọjú sí ilé kí ó tó yé e pé òun fúnra òun ni yóò mú wọn dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó yà sí apá kejì. Ó rìn títí ó fi dé orí àpáta tí ewé kan kò hù sí, ó wọ inú ìkarahun rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Àwọn ìjàlọ tọ ìlà náà dé ibẹ̀. Wọ́n kànkùn, kànkùn, wọ́n padà. Ẹyin Ìgbín pa, àwọn ọmọ rẹ̀ jáde láìrí ìyá wọn.

Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ Ìgbín kò ti gbẹ mọ́. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń bo ẹyin rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ó sì ń lọ láìbojú wẹ̀yìn. Bí o bá fọwọ́ kàn án, yóò wọlé kíá. Ó rò pé ìbẹ́pẹ ni o wá polówó.

Òkété ṣì ń gbẹ́ ihò rẹ̀ lọ. Ojú fóònù ni àwa ń gbà wọ ibẹ̀. Àdúrà rẹ̀ ti gùn sí i, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré bí ẹyin èèrà. Àtàǹpàkò wa ti ṣe àmín kí ojú wa tó dé ìlà kejì.