Bí Mo Ṣe Bá Ẹ̀gbọ́n Mi Padà Wọ Igbó Ojú Kọ̀ǹpútà

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé àti ará oko, ẹ̀yin tí ẹ jókòó àti ẹ̀yin tí ẹ fara ti ògiri. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ èyí tó dùn nìkan ni a ń gbọ́, etí wa kò ní í dàgbà. Ọdẹ́rìndé ni orúkọ mi. Ọdẹ ni mí, ọdẹ ni ó bí mi, ọdẹ ni ó bí ẹni tó bí mi, Ìgbóho níhìn-ín sì ni wọ́n ti gbé ìwọ́ mi sin. Baba mi mọ igbó bí ìyàwó ilé ti mọ ìdí ààrò. Bí ewé bá mì láìsí afẹ́fẹ́, ó mọ ẹran tó mì í. Ṣùgbọ́n igbó tó ń bọ́ ọdẹ náà ni í pa ọdẹ. Paramọ́lẹ̀ bù ú jẹ lẹ́bàá odò, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé. Ìyá mi ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Mo kéré nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń ki ìbọn ni, láti ọjọ́ ìsìnkú yẹn ni ẹnu mi sì ti pa dé bí ẹnu ọ̀nà ilé ahoro.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo, Ọdẹ́dìran, ni ó wá mú mi lọ sí Ìbàdàn. Ó dàgbà jù mí lọ púpọ̀. Akọ̀wé ni ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ta irin iṣẹ́ àgbẹ̀, yàrá kan ni ó sì gbà ní Òkè-Àdó. Ó fi mí sí ilé-ìwé, ó ń se oúnjẹ fún mi, ó ń fọ aṣọ mi, ó ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀, n kò sì dá a lóhùn. Ní ọjọ́ kan ó gbé kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan wálé, èyí tí wọ́n fẹ́ dà nù níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó rí gbàǹgbà bí àpótí aṣọ, ojú rẹ̀ yọ síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Géèmù kan wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe é yóò di ọdẹ, yóò wọ igbó iwin lọ, yóò máa bá iwin sọ̀rọ̀, yóò máa bá òmíràn jà, títí yóò fi dé ìdí ilẹ̀kùn kan tó wà ní ìpẹ̀kun igbó. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi ṣe é, kò sì tíì yé mi dáadáa, nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi a máa túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ó sì fún gbogbo iwin inú rẹ̀ ní orúkọ tiwa. Níwájú kọ̀ǹpútà yẹn ni mo ti kọ́kọ́ lanu. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ yọ idà sí iwin kan, mo sì wí pé, "Bùrọ̀dá, ẹ má bá a jà, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀ ẹ́." Ó wo ojú mi pẹ́, ó sì bá mi bẹ iwin náà. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti ilé-ìwé dé tí iná sì wà, inú igbó ni a máa ń wà.

A kò dé ìdí ilẹ̀kùn náà. Iná ìjọba dé ní ọ̀sán kan pẹ̀lú agbára tó pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, èéfín sọ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ó kú fin-ín. Ọdún ń gorí ọdún. Ẹ̀gbọ́n mi gbéyàwó, ó kọ́lé, ó bí Tèmídire. Èmi padà sí Ìgbóho, mo gbé ìbọn baba mi kọ́ èjìká.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ikán kì í pariwo kí ó tó jẹ ilé. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbàgbé ṣe wọ inú ẹ̀gbọ́n mi. Ó kọ́kọ́ gbàgbé ibi tó fi bàtà sí, ó gbàgbé ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbàgbé orúkọ ọmọ tó bí, ó wá di pé ó jókòó lójú fèrèsé láti òwúrọ̀ di alẹ́ bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tí kò mọ ibi tó ń lọ. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Tèmídire, pè mí lórí fóònù. Ó ní ọkọ òun kì í sọ ohun kan mọ́ ju ìkíni lọ, àfi orúkọ iwin: ó ń pe Adènà-má-sùn, ó ń pe Ìyá Ìsun. Àwọn aládùúgbò ti ní ayé ló ń ṣe é, wọ́n ní kí wọ́n gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Orúkọ wọ̀nyẹn kò jáde láti ọ̀run, yàrá Òkè-Àdó ni wọ́n ti jáde. Mo ṣàlàyé fún un, Tèmídire sì wá géèmù náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó rí i pé àwọn tó ni ín ti tún un ṣe, wọ́n ti wọ aṣọ tuntun fún un kí kọ̀ǹpútà òde òní lè gbé e. Ó rà á, ó sì ránṣẹ́ sí mi pé kí n máa bọ̀. Mo gbéra. Ìrètí mi nìyí, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín: nínú igbó yẹn, omi kan wà tí ẹni tó bá mu ún yóò padà bọ̀ sípò. Mo mọ̀ pé omi àwòrán ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí odò ń gbé lọ, ewé ni yóò kọ́kọ́ dì mú.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi lójú fèrèsé. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, ó sì dá mi lóhùn bí a ti ń dá àlejò lóhùn, pé ṣé dáadáa ni mo rìn. Tèmídire ti gbé kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ rẹ̀ sórí tábìlì. Mo jókòó sí i ní ọ̀sán gangan, mo tẹ bọ́tìnnì kan, igbó náà sì là níwájú mi. Ẹ má bi mí bí ènìyàn ṣe ń wọ inú àwòrán; ẹni tí àlá gbé lọ kì í béèrè ọ̀nà. Ara mi wà lórí àga, ṣùgbọ́n èmi wà nínú igbó, ìrì ń kán sí mi lọ́rùn.

Igbó náà ti di ọ̀tun. Nígbà tiwa, igi ibẹ̀ dà bí ìgbà tí ọmọdé to páálí ìṣáná léra, omi rẹ̀ kò sì ju ilà mélòó kan tó ń mì lọ. Nísinsìnyí wọ́n tún ewé ṣe, ewé ń dán; wọ́n tún omi ṣe, omi ń kùn; wọ́n tún ẹyẹ ṣe, ẹyẹ ń ké lórí igi bí ẹyẹ tí Olódùmarè dá. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n mo ń wo ẹwà náà bí ọmọ tó dé ilé baba rẹ̀ tó bá a pé wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà tuntun, tí kò rí ibi tí òun fi èédú yàwòrán sí mọ́. Igi ńlá kan wà lẹ́bàá ọ̀nà tí a ti kọ orúkọ wa sí lára. Mo fọwọ́ pa á yíká. Èèpo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ohun tí a kọ ti bá kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ lọ.

Adènà-má-sùn dúró sí orí afárá. Ojú rẹ̀ pọ̀ bí ojú ọ̀pẹ òyìnbó, kò sí èyí tó pa dé nínú wọn, irùngbọ̀n rẹ̀ wọ́ nílẹ̀ bí ìtàkùn ejìnrìn. Ó na ọ̀kọ̀ rẹ̀ dí ọ̀nà, ó ní, "Ọmọ ènìyàn, n kò mọ̀ ọ́n rí. Bí o bá fẹ́ kọjá, sọ fún mi, kí ni ohun tó jẹ́ tuntun tó sì tún jẹ́ àtijọ́ ní wákàtí kan náà?"

Kò mọ̀ mí rí! Èmi tí mo ti kọjá lórí afárá rẹ̀ títí okùn rẹ̀ fi mọ ẹsẹ̀ mi. Mo gbé ìbànújẹ́ náà mì, mo dáhùn pé, "Ẹkún ni, ìwọ olójú púpọ̀. Omijé tó wà lójú mi báyìí, ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n ohun tí mo ń sunkún lé lórí ti gbó."

Ó wò mí pẹ̀lú gbogbo ojú rẹ̀, ó gbé ọ̀kọ̀ kúrò, ó ní kí n kọjá.

Mo rìn títí mo fi dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ìsun. Arúgbó ni, omi ni ó fi ṣe irun, omi ni ó fi ṣe aṣọ, ẹja wẹ́wẹ́ sì ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá lábẹ́ awọ ọwọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ro ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n mi fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì tọrọ omi. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ìwọ ọdẹ, ta ni ìyà ń jẹ jù, ẹni tó gbàgbé ni tàbí ẹni tí a gbàgbé?"

Mo ní, "Ìyá, ẹni tí a gbàgbé ni. Èmi ni, mo sì mọ bó ti ń dun ni tó."

"O dáhùn bí ẹni tí ebi ń pa," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò le. "Ẹni tí a gbàgbé ṣì mọ ọ̀nà ilé. Ẹni tó gbàgbé ń rìn nínú ilé ara rẹ̀ bí àlejò, kò sì rí ẹni tí yóò kí i káàbọ̀. Omi mi kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọmọ mi. Àwọn tó tún igbó yìí ṣe, igi àti omi ni wọ́n ní agbára lé lórí. Àtúnṣe ẹni tó ń rìn nínú rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wọn."

Síbẹ̀ ó bu omi sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo rọra gbé e bí ẹni gbé ẹyin, ṣùgbọ́n kí n tó rìn jìnnà, ọwọ́ mi ti gbẹ. Mo jókòó sórí gbòǹgbò, mo sunkún bí n kò ti sunkún láti ìgbà tí wọ́n ti gbé baba mi wálé. Nígbà tó ṣe, mo dìde, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Ọ̀nà pín sí méjì níwájú mi. Mo gbé ẹsẹ̀ sí èyí tó fẹ̀.

Ohùn kan ní, "Má gba ibẹ̀ yẹn. Ilẹ̀ ibẹ̀ jìn."

Kì í ṣe ohùn iwin. Mo bojú wẹ̀yìn, mo bá ara mi lórí àga nínú pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti kúrò lójú fèrèsé, ó dúró lẹ́yìn mi, ó tẹ̀ síwájú, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Ìyá Tèmídire dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú omi ọṣẹ lọ́wọ́. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni ọkùnrin yìí kò ti sọ ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ ju ìkíni lọ. Mo fa àga mìíràn sún mọ́ tèmi, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì, àwọn ìka rẹ̀ sì mọ ohun tí orí rẹ̀ kò mọ̀ mọ́.

A jọ wọ igbó náà. Nínú rẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe arúgbó. Ó ń rìn níwájú mi, ọrùn rẹ̀ nà, ó ń dá mi dúró níbi tí ọ̀fìn wà, ó ń fi àbùjá hàn mí. Mo ń tẹ̀lé e bí òjìji, mo ń gbàdúrà kí igbó náà má tán. Ṣùgbọ́n ó tán. A dé ìdí ilẹ̀kùn ìkẹyìn, iwin tó ń ṣọ́ ọ sì dìde láti inú àpáta. Orí rẹ̀ kan awọsánmà, èéhù koríko bo èjìká rẹ̀, nígbà tó sọ̀rọ̀, òkúta ń yí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti àyà rẹ̀. Ó ní idà kan kò lè ṣí ilẹ̀kùn òun. Ó ní kí kálukú dárúkọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣi orúkọ pè, àwọn méjèèjì yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀ igbó.

Èmi kọ́kọ́ dáhùn, mo ní, "Ọdẹ́dìran ni, ọmọ baba mi, ẹni tó wò mí dàgbà."

Iwin náà yí sí ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ̀ pé kò mọ̀ mí. Ẹ̀gbọ́n mi wo ojú mi, ó wò ó bí ẹni tó ń ka ìwé tí òjò ti pa. Ó ní:

"Ọkùnrin yìí? N kò mọ̀ ọ́n. Onísùúrù ènìyàn ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ni ibi tó dúró sí. Àbúrò mi ló ni ín, Ọdẹ́rìndé. Ó wà ní ilé-ìwé. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ àfi nínú igbó yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá. Èmi fúnra mi kò fẹ́ràn géèmù."

Iwin náà tẹ orí ba. Orúkọ tí ẹ̀gbọ́n mi pè kò ṣìnà. Ilẹ̀kùn ṣí.

Pápá kan ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, koríko rẹ̀ kúrú, oòrùn ń rọ̀, ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀. A dúró, a ń wò ó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó dára. N ó sọ fún un tó bá ti ilé-ìwé dé." Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, ó padà sójú fèrèsé, ó sì jókòó.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò rí ìwòsàn mú bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀ títí di òní. Mo máa ń lọ kí i, a máa ń wọ igbó náà, bí ara rẹ̀ bá sì yá, yóò sọ ìtàn àbúrò rẹ̀ fún mi: bí ọmọ náà ti gbọ́n tó, bí òun ti ń bẹ̀rù kí ìbànújẹ́ má baà pa á, bí inú òun ti dùn tó lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lanu. N kò mọ èyíkéyìí nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo máa ń ní, "Ẹ ṣeun, sà," bí àlejò, n ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, n ó fi omi bọ́jú.

A lè tún igbó ṣe kí ó dára ju ti àtijọ́ lọ, a lè ra ọ̀nà padà sínú ohun tó dùn mọ́ wa ní kékeré, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá rìn ni ó jẹ́ kí ọ̀nà náà dùn, kò sì sí oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń tún òun ṣe. Mo ti sọ tèmi. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹ máa lọ sílé. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ pe ẹnì kan ní orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì dúró títí yóò fi dáhùn.