Ẹni Tí A Kò Lé Ń Sá

Ìtura kì í pariwo,
Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni kì í gbọ́ ọ,
A dífá fún Ọdẹ́jìnmí, àgbẹ̀ ìlú Òkè-Tútù, ní ọjọ́ tí ó ń di ẹrù láti fi ìlú baba rẹ̀ sílẹ̀.

Ní àkókò náà, ayé kò rọgbọ. Ọ̀dá dá ní ìhà àríwá. Ogun jó ìlú mẹ́ta ní ìwọ̀-oòrùn. Ṣùgbọ́n ní Òkè-Tútù, òjò ń rọ̀ lásìkò, ìsun omi kò gbẹ, ọba àti ìjòyè kò bá ara wọn jà. Kàkà kí Ọdẹ́jìnmí dúpẹ́, ṣe ni ó ń kùn. Ó ní òjò ti pọ̀ jù. Ó ní iṣu ta jù, wíwa rẹ̀ ń mú ẹ̀yìn dun òun. Ó fi ìdajì oko sílẹ̀ kí ó jẹrà. Ẹnìkan sọ fún un pé ní ìlú Ajélànwá, ènìyàn kì í ṣiṣẹ́ kí ó tó jẹun. Ó gbà á gbọ́, ó ní ibẹ̀ ni àwọn ń lọ.

Ìyàwó rẹ̀, Ọ̀ṣúnfúnkẹ́, wà nínú oyún oṣù mẹ́jọ.

Ó ní, “Olówó orí mi, oyún yìí kò ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ẹ lọ bi Ifá kí n tó gbé igbá ẹrù lérí.”

Ó lọ bá àwọn awo. Ifá ní kí Ọdẹ́jìnmí rú ẹyẹlé mẹ́rin. Kí ó wa iṣu tí ó kọ̀ sílẹ̀ lóko. Kí ó máa sun ún ní ẹnubodè fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ó máa fún àwọn èrò ọ̀nà. Kí ó má gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Kí ó sáà máa bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti ń bọ̀.

Ó bínú. Ó ní iṣẹ́ nìyí, kì í ṣe ẹbọ. Síbẹ̀, ó rú u.

Ní ọjọ́ kìíní, ọkùnrin méjì dé. Ogun ti jó ilé wọn. Wọ́n jẹ iṣu, wọ́n jẹ èèpo rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, èrò pọ̀ ju iṣu lọ. Ní ọjọ́ kẹta, Ọdẹ́jìnmí gbé ẹrù rẹ̀ wá sí ẹnubodè, kí ó lè ti ibẹ̀ lọ. Ìyá àgbà kan dé pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méjì.

“Ìyá, níbo lẹ ti ń bọ̀?”

“Ajélànwá.”

Ọdẹ́jìnmí ní, “Mo gbọ́ pé wọn kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀.”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. “Òótọ́ ni. Òkú kì í ṣiṣẹ́. Baálé, ẹrù ta nìyẹn?”

“Tèmi ni. Mo fẹ́ ṣí kúrò níhìn-ín.”

“Ta ní ń lé yín?”

“Kò sí ẹnì kan.”

“Ẹ gbà mí o! Ẹni tí a kò lé ń sá! Ẹ fún mi ní ilẹ̀ tí ẹ ń sá fún, kí n rí ibi tẹ́ àwọn ọmọ yìí sí.”

Ọdẹ́jìnmí tú ẹrù. Ó fa ẹní yọ, ó tẹ́ ẹ fún àwọn ọmọ náà. Ó padà sí oko, ó wa gbogbo iṣu tó kù, ẹyọ kan kò ṣòfò. Ní ọjọ́ kejìlá, Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ bí tibi-tire. Ìyá Ajélànwá ni ó gbẹ̀bí rẹ̀. Bí tọkọtaya náà bá ti lọ, inú igbó ni ìyàwó ìbá bímọ sí.

Ọdẹ́jìnmí ń jó, ó ń yọ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn awo tí wọn kò fi òótọ́ pamọ́ fún un.

Ilẹ̀ tiwa lónìí náà ní àléébù, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òjò rẹ̀ ń rọ̀, ọmọ wa ń sùn. Ifá ní ẹni tí ó bá gbọ́ràn, tí ó rúbọ, ni yóò jẹ ire ilẹ̀ rẹ̀ dalẹ́. Ọpẹ́ tí kò wọ oko, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.