Àṣìṣe Tí Wọn Kò Gbọ́ Rí

Ìyá Àgbà Dọ́káàsì ló kọ́kọ́ ṣe àkàwé yìí, ní ìparí oṣù Èrèlé ọdún 1974, fún ọmọ rẹ̀ Morádékẹ́ tó jẹ́ aránṣọ. Lọ́jọ́ náà, Morádékẹ́ ń tú apá aṣọ kan tí àgbà ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rán wọ́, kí òun fúnra rẹ̀ lè tún un rán kí oníbàárà tó dé. Ìyá wò ó títí, ó ní:

Ọkùnrin kan wà tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún bí a ti ń fi ohùn mẹ́rin sí orin ìjọ: tírébù, áltò, tẹ́nọ̀ àti báàsì. Ó sọ fún wọn pé ohùn mẹ́rin dà bí ará ilé kan: wọ́n ń gbé pọ̀, ṣùgbọ́n kálukú ló ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Báàsì àti tẹ́nọ̀ kò gbọdọ̀ máa jọ gòkè, kí wọ́n tún máa jọ sọ̀ bí ẹni tí okùn so mọ́ra. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ wá lọ́jọ́ Sátidé, yóò rí ibi tó bàjẹ́. Kò ní sọ̀rọ̀. Yóò fi rọ́bà ìdí pẹ́ńsù rẹ̀ pa á rẹ́, yóò kọ èyí tó tọ́ síbẹ̀, yóò sì ní, "Ó dára, ó kù díẹ̀." Kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ akọrin fi ẹnu kan ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ àfi bí pẹ́ńsù rẹ̀ bá ti kàn án. Kò fẹ́ kí ojú tì wọ́n. Lọ́jọ́ Àìkú, orin a dùn, ìjọ a sì yìn wọ́n. Ọdún mọ́kànlá kọjá bẹ́ẹ̀.

Ojú ọkùnrin náà wá ṣú. Kò rí ìwé mọ́. Ọgọ́ta ọdún ìjọ ń bọ̀, tírébù nìkan ló sì ti kọ tán nínú orin tuntun rẹ̀. Ogójì irú rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí. Bí kò bá sí ẹni tó lè parí wọn, wọn yóò sin wọ́n pọ̀ mọ́ ọn. Ó pe àwọn márààrún, ó pín ohùn yòókù fún wọn.

Nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin dán an wò, ó jókòó sórí àga iwájú. Gbogbo ohun tó ti fi rọ́bà pa rẹ́ láti ọdún mọ́kànlá ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Báàsì ń gòkè, tẹ́nọ̀ di ìrù rẹ̀. Áltò dúró sójú kan bí ẹni tó gbàgbé ọ̀nà ilé.

Àgbà oníbáàsì kan ní, "Ẹ̀yin tẹ́nọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn wa o. A ò pọ̀n yín wá." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó bi àgbà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé, "Ibo ló ti bàjẹ́?"

Ìyẹn ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ ò jẹ́ ká gbọ́ èyí tó bàjẹ́ rí."

Ẹgbẹ́ akọrin tún orin náà kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn márààrún tó mọ ibi tó ti ń dun olùkọ́ wọn. Ó ní kí wọ́n mú òun relé.

Lọ́jọ́ ọdún ìjọ, tírébù nìkan ni gbogbo wọn kọ, bí ọmọ ilé ìwé. Ọkùnrin náà jókòó, ọwọ́ rẹ̀ ń rìn lórí itan bí ẹni tó ń wá pẹ́ńsù.

Ìyá wá ní, "Ìwọ Morádékẹ́, ọmọ tí o ń ṣàánú yìí ti lo ọdún márùn-ún lọ́dọ̀ rẹ. Bi í léèrè ìdí tí apá aṣọ fi ń wọ́. Bí kò bá mọ̀, ìwọ lo jí iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ojú tìrẹ náà á sì ṣú lọ́jọ́ kan."

Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1974, ni òtítọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá hàn. Morádékẹ́ gbé aṣọ mìíràn tí ọmọ náà rán wọ́ síwájú rẹ̀, ó sì bi í. Ọmọbìnrin náà wo apá, ó wo ẹ̀yìn, kò mọ̀ ọ́n, ó sì wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ bí ẹni tó ń retí kó gba aṣọ náà tún rán.