Bí Ohùn Bàbá Ṣe Há Sínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, ẹ súnmọ́ mi dáadáa. Akínkúnmi, yé ti àbúrò rẹ, àyè gbà yín. Ọpẹ́ ni mo fẹ́ dú, ọpẹ́ ọ̀hún ló sì bí òwe kan nílé yìí.

Kí ọkọ mi, bàbá yín àgbà, tó jáde láyé, wọ́n fi ohùn ara wọn ki oríkì ìdílé wa sínú kásẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn ikú wọn, àwọn àbúrò wọn méjì, Ìyá Ìdófà àti Bàbá Àjọsẹ̀, wá láti oko lálẹ́ ọjọ́ kan kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Ìyá Ìdófà ti darúgbó. Bóyá ni wọ́n tún lè rin ọ̀nà náà mọ́. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì ń hó ṣàà bí epo gbígbóná.

Ni àǹtí yín Ìbídùn bá jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó gba ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì náà sínú rẹ̀. Ó fi èdè kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Haskell kọ ohun tí ẹ̀rọ náà yóò ṣe fún un. Ẹ wò ó, bíi gàrí ni: ará ilé bó ẹ̀gẹ́, ẹlẹ́rọ tí kì í ṣe ará ilé lọ̀ ọ́, ará ilé tún gbà á, ó yan án. Iṣẹ́ tí Ìbídùn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ gé ohùn náà wẹ́wẹ́, ó gbé e fún ètò kan tí àjèjì kọ kó fọ ariwo kúrò, ti Ìbídùn yóò sì gbà á padà, yóò tò ó pọ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu ọ̀kan ló ń wọ ẹnu èkejì.

Ó tẹ kọ̀ǹpútà pé kó bẹ̀rẹ̀. Ohùn kankan ò jáde.

"Ìbídùn, ṣé ẹ̀rọ náà lọ jẹun ni?" Bàbá Àjọsẹ̀ ló ń ṣẹ̀fẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ètò àjèjì yẹn gba gbogbo rẹ̀, kò fèsì."

"Ọ̀lẹ ni!"

Ó ń yẹ̀ ẹ́ wò títí àkùkọ fi kọ. Lójijì ló bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá àgbà, kì í ṣe ọ̀lẹ o! Èmi ni mi ò ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ègé ohùn tó kẹ́yìn, kó lè mọ̀ pé ó tán. Ó rò pé ó ṣì kù, ó ń dúró dè mí!"

Ó tì í. Kíá, ohùn ọkọ mi jáde, ó mọ́ gaara. Ìyá Ìdófà di àyà mú. "Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn!" Omi bọ́ lójú mi. Olúwa, mo dúpẹ́.

Ohùn náà dákẹ́. Àwọn àlejò ò mira. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, ọ̀nà oko jìn, síbẹ̀ wọ́n jókòó, wọ́n tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Ìbídùn wò mí, ẹ̀rín tún pa á. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin àgbà, ó tán o."

"Háà! A ṣebí ó kù ni!" Ìyá Ìdófà gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n súre fún un títí, wọ́n sì bá ìrì òwúrọ̀ lọ pẹ̀lú àbúrò wọn Bàbá Àjọsẹ̀, wọ́n ń ki oríkì náà lọ lójú ọ̀nà.

Ìdí nìyí tí àwa àgbà ilé yìí fi ń pa á lówe pé: ẹni a ò sọ fún pé ó tán, ìyókù ló ń dúró dè.