Pẹ̀lẹ́ Tí Ìgbín Kí Erinmi

Àlọ́ o!
— Àlọ̀!
Bí ẹ bá ti gbọ́ "orúnkún", ẹ gbè é: "Pẹ̀lẹ́!"

Erinmi fẹ́ máa bá ọmọ rẹ̀ sáré. Ó ra ṣòkòtò eré ìdárayá tó fún mọ́ ọn lára pinpin. Ó sáré, ló bá rọ́ orúnkún.
— Pẹ̀lẹ́!
Ìgbín kí i: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bọ̀dá."
"O ṣé." Ó lọ ra bàtà. Ó tún sáré, ló bá wú ní orúnkún.
— Pẹ̀lẹ́!
"Bọ̀dá, ẹ pẹ̀lẹ́ o."
"O ṣé jàre." Ó ra ọ̀já orí. Ó sáré lẹ́ẹ̀kẹta, ó ṣubú, kò lè dìde. Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́kún.
Ìgbín ní, "Bọ̀dá, n kò bá yín kẹ́dùn o. Bí ẹ ó ṣe máa rìn ni mò ń sọ."

Nígbà tí ara Erinmi yá, òun àti ọmọ rẹ̀ ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ létí odò. Ṣòkòtò ní tirẹ̀ kò fara pa rárá.

Ó tó, ẹ rọra dìde. Orúnkún!
— Pẹ̀lẹ́!